Erékùṣù Tí Ìjì Kì Í Dé

Ọ̀gá Ìwọ̀n kò fẹ́ràn omi tó bá ti ju èyí tó wà nínú garawa ìwẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bi í, á ní òun ò bẹ̀rù omi, omi ni kò ṣeé finú tán. Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù omi ń bà á, ẹ̀rù bàlúù ń bà á, ẹ̀rù àtẹ̀gùn tí kò ní irin ìdìmú ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni ojoojúmọ́ ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléru tí ń yọ́ gíláàsì bí ìgbà tí èèyàn ń yọ́ ṣúgà, tí kò sì ní mira. Ó ti lo ọdún méjìlélógún ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìgò, òun sì ni olórí àwọn tí ń ṣọ́ iná níbẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó ń wọn iná, ó ń wọn epo, ó tún ń wọn omi tíì. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá kú, ọkọ òun á kọ́kọ́ wọn pósí wò kó tó sunkún.

Ìyàwó yìí gan-an ló kó o sí wàhálà. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn eyín, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í dé yàrá kejì. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo wọ yunifásítì tí ilé dá páro, ó lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní adágún tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Kò dúró síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn: kí èèyàn gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, kó ki rọ́bà sẹ́nu, kó sì máa rìn gbẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ omi bí ẹni tó wá wo ọjà tí kò fẹ́ rà. Ó gba ìwé ẹ̀rí. Ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wọn. Ohun kan ṣoṣo ló wá kù: òkun gidi, òkun ilẹ̀ olóoru, tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, tí ẹja aláràbarà á máa kọjá lójú èèyàn. Ó ti mu omi adágún tí ń rùn bí oògùn ìfọlẹ̀ tó.

Ìsinmi ló fa ìjàngbọ̀n. Iléru kì í kú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń pa á, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí àwọn bíríkìlà lè pààrọ̀ bíríkì inú rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan sì ni Ọ̀gá Ìwọ̀n lè fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí kan náà bọ́ sí àárín gbùngbùn àsìkò ìjì ní àwọn òkun olóoru. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní ìjì wà. Wọn ò lọ. Lọ́dún kejì, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Wọn ò lọ. Ọjọ́ kejì tí wọ́n wọ́gi lé ètò náà ni ẹ̀yìn yìí san, tí ìyàwó rẹ̀ sì bá a níbi tó ti ń dá fíríìjì gbé láti yàrá ìdáná lọ sí pálọ̀.

Lọ́dún kẹta yìí, obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì ní àárọ̀ ọjọ́ kan ló dédé sọ ọ́.

"Dádì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú ibi tá a máa lọ. Ibi yòówù tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, mi ò ní jiyàn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún ní a ò lọ lọ́tẹ̀ yìí, mà á dá lọ, ẹ ò sì ní mọ ibi tí mo gbà."

Ó bu búrẹ́dì rẹ̀ jẹ. Kò gbóhùn sókè, kò fajú ro, ìyẹn gan-an ló mú kí inú ọkọ rẹ̀ dàrú. Ọ̀gá Ìwọ̀n mọ aya rẹ̀. Obìnrin tí kì í pariwo, bó bá sọ pé òun á ṣe nǹkan, ó ti ṣe é tán nìyẹn. Lójú ẹsẹ̀ ló ti ń rí i lọ́kàn ara rẹ̀, nísàlẹ̀ òkun kan tí kò lórúkọ, tí ojú ọ̀run dúdú lókè rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ wà nílé tí kò tilẹ̀ mọ orílẹ̀-èdè tí òun ì bá pè lórí fóònù. Tíì tó wà níwájú rẹ̀ tutù kó tó rántí pé òun ò tíì mu ún.

Ó mú iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n ní kó wá yan ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ iléru tuntun sí. Olùkọ́ tí ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní mímòòkùn ti kọ orúkọ erékùṣù márùn-ún sórí bébà kan. Ó gba bébà náà, ó lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ọmọ wọn. Fún odidi Sátidé mẹ́ta, ibẹ̀ ló wà láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán á fi dì. Ó wá àkọsílẹ̀ ìjì kàn, èyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kó jọ láti erékùṣù kọ̀ọ̀kan, oṣù dé oṣù, ọdún dé ọdún. Ó fa ilà, ó fi bírò pupa to àmì sí i. Nígbà tó fi máa di Sátidé kejì, mẹ́ta ti já bọ́ nínú márùn-ún. Ọ̀kan já bọ́ nítorí pé bàlúù mẹ́rin ni èèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Òmíràn já bọ́ nítorí pé ó rí àwòrán ẹja kan níbẹ̀ tí eyín rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó ń wá sí ibi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó fún àwọn méjì tó kù ní orúkọ. Ọ̀kan ló pè ní Oníjàgídíjàgan. Àwọn tó mọ̀ nípa mímòòkùn ń kan sáárá sí erékùṣù yìí lọ títí, ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́wàá, ìjì méje ló ti kọjá níbẹ̀, pupa sì bo ìlà rẹ̀ lórí bébà bí èéyí ṣe ń bo ara ọmọdé. Èkejì ló pè ní Jẹ́jẹ́. Erékùṣù kékeré ni, bàlúù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan ló ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò sì sí ìjì kankan nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko, kò sí nǹkan kan. Ìlà kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n fà sábẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, ó wá rí mọ́ níní lójú Ọ̀gá Ìwọ̀n débi pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kọ̀ǹpútà.

Ọdún mẹ́wàá ló wò sẹ́yìn, nítorí pé ọdún mẹ́wàá náà ni wọ́n ń wò sẹ́yìn ní ilé iṣẹ́ ìgò. Ìwé iṣẹ́ tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, inú iléru ni wọ́n ń jù ú sí. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé àwọn ẹlòmíràn lè máa tọ́jú ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wo bébà. Ó ní òun ti rí erékùṣù tí ìjì kì í dé. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó gbá ọkùnrin náà mọ́ra lórí àga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àtòun àtàga ṣubú. Wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà yí padà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ dé, obìnrin náà béèrè bóyá Jẹ́jẹ́ dá ọkọ òun lójú lóòótọ́. Ọkọ ní ó dá òun lójú bí ọjọ́. Obìnrin náà mi orí, ó sì lọ gbọ́únjẹ.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n gbéra. Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè, Ọ̀gá Ìwọ̀n dúró nínú ọ́fíìsì onígíláàsì tó kọjú sí iléru, ó ń yẹ ìwé iṣẹ́ wò kí wọ́n tó pa iná. Ní wákàtí wákàtí ni ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa kọ bí iná ṣe gbóná tó sínú ìwé náà. Nígbà tó dé ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè, ojú ewé náà funfun báláú. Ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ni iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tí gbogbo wọn ń pè ní Fàájì, tí kì í ka ohunkóhun sí wàhálà, àfi kóúnjẹ pẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án Túsìdeè?"

"Kò sí nǹkan kan, Ọ̀gá. Ṣe bẹ́ ẹ rí i pé mi ò kọ nǹkan kan."

"Tí kò bá sí nǹkan kan, ńṣe lo máa kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan. Tíwèé bá funfun báyìí, ìwọ lo ò sí níbẹ̀."

Fàájì họ orí. Ó ní àwọn kan ló wá gbé ìgò tó ti jáde, òun sì bá wọn lọ sí géètì, ọ̀rọ̀ wá gùn díẹ̀. Ó ń ṣàlàyé, ó ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ ló dúró sí i létí. Iléru wà níwájú rẹ̀ tó ń jó wìì, síbẹ̀ ara rẹ̀ tutù láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní kí Fàájì máa lọ. Fàájì, tó ti múra de ìbáwí wákàtí kan, yára sá kí ọ̀gá má baà yí ọkàn padà.

Ọ̀gá Ìwọ̀n fa fóònù yọ, ó ṣí àkọsílẹ̀ ìjì. Ó tẹ ibi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ́kọ́ wo Oníjàgídíjàgan. Ní oṣù tí ìjì kò bá jà níbẹ̀, òdo ni wọ́n kọ, òdo roboto tí kò fara sin. Ó wo Jẹ́jẹ́. Kò sí òdo kankan níbẹ̀. Ìlà kékeré yẹn nìkan ni, láti òkè délẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí, ó kọjá ọdún mẹ́wàá. Ọdún kọkànlá, ìlà. Ọdún kejìlá, ó bá nọ́ńbà kan pàdé, ìjì kan tó lágbára ju gbogbo méje ti Oníjàgídíjàgan lọ. Lẹ́yìn ìjì náà ni ìlà bẹ̀rẹ̀.

Ó pe òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa dé sí. Obìnrin tó gbé fóònù níbẹ̀ ní ojú ọjọ́ dára, oòrùn ń ràn, kí wọ́n máa bọ̀. Ó fi ọgbọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní erékùṣù náà. Obìnrin náà rò ó títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ilé tó wà lórí òkè yẹn ni, èyí tí ìjì ká òrùlé rẹ̀ lọ nígbà kan. Ó ní ewúrẹ́ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ọ̀gá Ìwọ̀n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sórí ìwé iṣẹ́ Fàájì láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹnikẹ́ni mìíràn ì bá délé lọ́jọ́ náà, kó sọ ọ́, kó parí. Ta ló máa gba Ọ̀gá Ìwọ̀n gbọ́? Ó ti pa irọ́ ìjì lẹ́ẹ̀kan, ó ti pa irọ́ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ìjì gidi ló wá dé yìí, lẹ́nu ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ sí aláwàáwí. Bó bá la ẹnu pé Jẹ́jẹ́ kò dára, aya rẹ̀ á wò ó tán, á di ẹrù, á sì lọ. Bí kò bá la ẹnu, á mú un lọ fúnra rẹ̀, á jókòó sí etí òkun, á máa wo ibi tó wọlé sí, kò sì ní sẹ́nì kan lókè òkè tó máa kígbe pé ìjì ń bọ̀. Méjèèjì ló parí síbì kan náà lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tó wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní pálọ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń dán bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń wẹdò wò, èyí tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ó dìde, ó fi bàtà náà rìn yí àga ká, pàṣàpàṣà, ó ní kí ọkọ òun wò ó. Ọkọ rẹ̀ ní ó dára. Ohun tó lè sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó fi iyọ̀ sí tíì, ó mu ún tán. Ó rí ìkùukùu kan láti ojú fèrèsé ibi iṣẹ́, ó sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Fàájì bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó dá a lóhùn pé kó lọ kọ ìwé rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń to aṣọ sínú báàgì lórí ibùsùn, ó ń ká wọn ní mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀gá Ìwọ̀n ti fi àárọ̀ ọjọ́ náà pe òtẹ́ẹ̀lì kan ní Oníjàgídíjàgan, ó ti bá àwọn oníbàlúù sọ̀rọ̀, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹni tó wá gbàṣẹ.

Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan, mo bẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Jẹ́jẹ́ yẹn, kì í ṣe pé ìjì kì í dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí aṣọ. Kò gbójú sókè.

Ọkùnrin náà wá ń sáré sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìlà àti òdo, ó sọ ti ọdún kejìlá, ó sọ ti ewúrẹ́. Ó ní òun ò wá àwáwí, òun ò ní kí wọ́n má lọ, kó gba òun gbọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí péré. Ó tẹ́ bébà síwájú rẹ̀. Ó ní Oníjàgídíjàgan ni kí wọ́n lọ, níbi tí ìjì ti ń jà ní tòótọ́, nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ń kéde rẹ̀. Wọ́n ní ilé oníkọnkéré lórí òkè fún àlejò. Bí àsíá pupa tí wọ́n fi ń kéde ìjì bá sì ti gòkè, ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ mòòkùn, bó ti wù kó bẹ̀ ẹ́ tó. Ó lè jẹ́ ọjọ́ méjì péré ni wọ́n máa rí wọ omi nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ohun tí òun rí nìyẹn.

Ó ń dúró de kó bínú.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí etí ibùsùn. Ó ní, "Mo mọ̀."

"Kí lo mọ̀?"

"Nípa Jẹ́jẹ́. Olùkọ́ wa ti sọ fún mi láti Mọ́ńdè. Ó ní òun gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò nínú bébà. Ó ní tí ìjì bá dìde níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pe èèyàn jáde nínú omi."

Ọ̀gá Ìwọ̀n wo báàgì. Ó wo aṣọ tó ti ká sínú rẹ̀, bàtà rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oògùn ìrìnàjò nínú ike. Ó ní, "O mọ̀, o sì ń di ẹrù?"

"Tí mo bá sọ fún yín, ẹ̀ bá ti ní ká jókòó sílé."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ fún ẹni tó wá yọ eyín pé ó máa dùn ún díẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Bó bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ṣe ni inú rẹ̀ ì bá dùn. Á ti fi ìjì náà bojú, á ti ya tíkẹ́ẹ̀tì, á sì ti sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ojú tì í, ojú tì í gan-an. Gbogbo ọjọ́ tí òun ń ṣọ́ ìjì, òun ni aya òun ń ṣọ́, ó sì yá a lára láti wọ inú òkun tí kò sẹ́ni tó ń wò ó ju kó wá sọ òótọ́ fún ọkọ rẹ̀ lọ.

Ó bi í, "Tí ìjì bá wá dé ńkọ́, tó o wà nísàlẹ̀?"

"Mò ń gbàdúrà kó má dé." Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì ń wo aṣọ orí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mi ò tíì fojú kan oorun láti Mọ́ńdè, Dádì. Bẹ́ ẹ ṣe ń sùn yẹn, mo kàn ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni, mò ń mí jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ má baà mọ̀ pé mi ò sùn."

Ọ̀gá Ìwọ̀n jókòó tì í. Láti Tọ́sìdeè, òun náà ò sùn. Láti Tọ́sìdeè, òun náà ti ń dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń mí jẹ́jẹ́, ó ń tẹ́tí sí bí aya rẹ̀ ṣe ń mí, ó sì ń dúpẹ́ pé oorun tirẹ̀ dára.